Pólàǹdì ni Hitler gbà, kí ló wá gbé bàbá bàbá mi dé Bọ́mà?

Ìbéèrè yìí wá láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nígbà tí à ń palẹ̀ yàrá bàbá bàbá mi mọ́, a rí irin méjì tó dà bí ìràwọ̀ nínú àpótí wọn. Wọ́n kọ Burma Star sára ọ̀kan, wọ́n kọ Africa Star sára èkejì. A mọ̀ pé bàbá lọ sógun Bọ́mà, Bàbá Bọ́mà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n títí wọ́n fi kú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ fún wọn ní èkejì. Èyí tó wá ń dà mí láàmú jù ni pé wọ́n kọ́ wa ní iléèwé pé torí Hitler gba Pólàǹdì ni ogun àgbáyé kejì fi bẹ̀rẹ̀. Yúróòpù ni Pólàǹdì wà. Àwọn ará Jàpáànì ni bàbá wa lọ bá jà ní Éṣíà. Báwo ni ilẹ̀ tí ẹnì kan já gbà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ ṣe di ogun gbogbo ayé? Kí ló dé tí wọn ò tètè dá a lẹ́kun?"

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ẹrù bàbá. Kí n tó sọ ohunkóhun, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó ẹ̀rọ̀ gba àwọn ìràwọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ. A óò padà sórí wọn.

Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní iléèwé kì í ṣe irọ́. Wọ́n kàn mú ibi tí ìtàn náà ti gbóná jù, wọ́n fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí Jámánì wọ Pólàǹdì, ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1939, ó ku díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti ń fipá gba ilẹ̀ onílẹ̀, Hitler nìkan kọ́ ló sì ń gbà á. Ajagungbalẹ̀ mẹ́ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: Jàpáànì tí àwọn ọ̀gágun ń tì síwájú, Ítálì abẹ́ Mussolini, àti Jámánì abẹ́ Hitler. Oníkálukú ló ní ilẹ̀ tí ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ fẹ́ràn ara wọn níbẹ̀rẹ̀. Ní 1934, nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Hitler pa olórí ìjọba Ọ́stríà, Mussolini ló kó ṣọ́jà lọ sí ààlà láti fi kìlọ̀ fún Jámánì pé kó má dán an wò. Ohun tó wá sọ wọ́n di ọ̀rẹ́ ni mo fẹ́ kó o fọkàn sí: ìgbàkígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá gbalẹ̀ tí nǹkan kan ò sì ṣe é, àwọn méjì tó kù rí i.

Jàpáànì ló kọ́kọ́ yẹ ààlà. Lálẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án 1931, àwọn ọ̀gá ṣọ́jà wọn kan yin àdó sí ojú irin ara wọn nítòsí Mukden, ní Manchuria tí í ṣe ti Ṣáínà. Wọ́n ní àwọn ará Ṣáínà ló ṣe é, wọ́n sì fi ìyẹn kẹ́wọ́ gba gbogbo agbègbè náà. Wọ́n fi Puyi, ẹni tó ti wà lórí oyè ní Ṣáínà rí, sórí àga, àmọ́ àwọn ni wọ́n ń paṣẹ lẹ́yìn rẹ̀. Lákòókò yẹn Àjọ Àwọn Orílẹ̀-Èdè wà ní Geneva, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rọ́pò lẹ́yìn ogun. Wọ́n rán ìgbìmọ̀ lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà wò. Ní oṣù Kejì 1933 wọ́n dìbò: orílẹ̀-èdè 42 ní kò dára, Jàpáànì nìkan ló ní ó dára. Matsuoka, aṣojú Jàpáànì, dìde, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n jáde. Ibẹ̀ ló parí sí. Manchuria wà lọ́wọ́ Jàpáànì.

Mussolini ń wò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ Etiópíà ni màá dúró sí díẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn òyìnbó kọ máa ń fi ìpínrọ̀ kan ṣoṣo sáré kọjá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni okùn ti já lára ìdì. Etiópíà ti na Ítálì ní Adwa ní 1896, ìtìjú ọ̀hún ò sì tán lára Ítálì fún ogójì ọdún. Ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ náà ni Etiópíà, láti 1923, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tó ní ẹni tó bá kọ lu ọ̀kan ti kọ lu gbogbo wọn. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹwàá 1935, Mussolini da ṣọ́jà sí i. Ó fi bàálù ju bọ́ǹbù, ó sì tú gáàsì olóró lé àwọn ènìyàn lórí, bẹ́ẹ̀ Ítálì ti fọwọ́ sí àdéhùn tó ka gáàsì yẹn léèwọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí Àjọ gbé ìgbésẹ̀: wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tà nǹkan ìjà fún Ítálì, kí ẹnikẹ́ni má yá a lówó, wọ́n sì ka oríṣiríṣi ọjà tí wọn ò gbọ́dọ̀ bá a ná. Ṣùgbọ́n wọn ò ka epo rọ̀bì mọ́ ọn. Mọ́tò àti bàálù tó ń jagun, epo ni wọ́n ń mu! Ọ̀nà omi Suez tí ọkọ̀ ojú omi Ítálì gbọ́dọ̀ gbà kó ṣọ́jà lọ, ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣọ́ agbègbè rẹ̀. Wọn ò tì í. Àwọn ọkọ̀ náà ń sanwó ojú ọ̀nà, wọ́n ń kọjá. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Hoare tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè fún Gẹ̀ẹ́sì àti Laval ti Faransé jọ ṣe àdéhùn abẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n gé èyí tó pọ̀ lára Etiópíà fún Mussolini kí ó lè sinmi. Ìwé ìròyìn Paris tú àṣírí wọn, Hoare fipò sílẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 1936, Addis Ababa bọ́ sọ́wọ́ Ítálì. Ní ìparí oṣù Kẹfà, Haile Selassie, ọba Etiópíà, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró níwájú Àjọ ní Geneva, àwọn akọ̀ròyìn Ítálì sì ń súfèé sí i láti òkè gbọ̀ngàn títí wọ́n fi lé wọn síta. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ká gbogbo ìfìyàjẹ kúrò lórí Ítálì.

Kí ló fà á? Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń bẹ̀rù Hitler, wọ́n sì fẹ́ kí Mussolini wà lẹ́yìn àwọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọ ṣe ìpàdé ní Stresa ní oṣù Kẹrin 1935 lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Wọn ò fẹ́ bí i nínú jù. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ tó láti bí i nínú, kò sì tó láti dá a dúró. Kí ọdún 1936 tó parí, Mussolini ti bá Hitler mulẹ̀. Nígbà tí Hitler wá gbé Ọ́stríà mì ní oṣù Kẹta 1938, ọkùnrin tó kó ṣọ́jà lọ sí ààlà ní 1934 kò tilẹ̀ wúkọ́.

Hitler náà ò jókòó lásán ní gbogbo àsìkò yẹn. Nígbà tí ojú ayé wà ní Etiópíà, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 1936, ó kó ọmọ ogun wọ Rhineland, ilẹ̀ Jámánì tó bá Faransé pààlà, tí àdéhùn sọ pé ṣọ́jà kankan ò gbọ́dọ̀ tẹ̀. Ọmọ ogun rẹ̀ ò tíì gbó nígbà náà. Bí Faransé bá yọjú, kí wọ́n fà sẹ́yìn ni àṣẹ tó wà lọ́wọ́ wọn. Faransé ò yọjú.

Ní Èkó, àwọn bàbá wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Etiópíà kan àwọn. Ìwé ìròyìn Èkó ń gbé e lójoojúmọ́, àwọn ènìyàn ṣe ìpàdé, wọ́n dá owó. Níbi tí mo dé yìí, mo mọ ohun tí ọmọ Ìjẹ̀bú máa bi mí: ṣé Gẹ̀ẹ́sì tó fi ìbọn gba Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní 1892 ló wá ń kọ́ Mussolini ní ìwà? Òótọ́ ni. Ohun tí Mussolini gan-an ń sọ nìyẹn, pé ẹ̀yin ti jẹ tiyín yó kẹ́ ẹ tó ní ká fọwọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọ̀pọ̀ létí, ó sì jẹ́ kí ẹnu àwọn tó ń dá a lẹ́bi wúwo. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè tọ́ka sí ni pé lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, gbogbo wọn, Ítálì àti Jàpáànì pẹ̀lú, ti jọ fọwọ́ síwèé pé fífi ogun gba ilẹ̀ ti dópin. Ìyẹn ò dá ilẹ̀ Ìjẹ̀bú padà fún onílẹ̀.

Ó yá, Jámánì. Nǹkan kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà ronú sí nípa ìjọba apàṣẹwàá tó ń gbalẹ̀: ó nira fún un láti sọ pé ó tó. Láti 1933 ni Hitler ti ń fi owó tí kò sí nílẹ̀ ṣe ìbọn, ọkọ̀ ogun àti bàálù. Jámánì ò ní epo rọ̀bì tó nǹkan, irin rẹ̀ ò tó, oúnjẹ rẹ̀ náà ò tó, owó ilẹ̀ òkèèrè tí yóò fi rà wọ́n sì ti ń tán. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá 1937, ó pe àwọn ọ̀gá ológun rẹ̀ jọ, ó sọ fún wọn pé dandan ni kí Jámánì gba ilẹ̀ sí i, agbára ni yóò sì fi gbà á. Nígbà tó gba Ọ́stríà, wúrà tó wà ní báńkì àgbà Ọ́stríà bọ́ sí i lọ́wọ́, ó fi mí díẹ̀. Kò pẹ́ tó tún fi nílò òmíràn. Ẹni tó bá ń fi ẹrù olè san gbèsè, ìgbà wo ló máa sinmi olè?

Czechoslovakia ló kàn. Mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn tó ń sọ èdè Jámánì ń gbé ní Sudetenland níbẹ̀, Hitler ní àwọn ni òun fẹ́ gbà sílẹ̀. Wo àwòrán ilẹ̀ náà: àárín àwọn òkè Sudetenland yẹn ni Czechoslovakia kọ́ gbogbo odi ààbò rẹ̀ sí. Ẹni tó bá gbà á ti yọ ilẹ̀kùn ilé náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1938, Chamberlain ti Gẹ̀ẹ́sì, Daladier ti Faransé, Mussolini àti Hitler pàdé ní Munich, nígbà tí ilẹ̀ sì máa fi mọ́, wọ́n ti fún un. Àwọn aṣojú Czechoslovakia méjì wà ní òtẹ́ẹ̀lì nílùú yẹn kan náà, wọn ò pè wọ́n wọlé. Lẹ́yìn tí wọ́n parí ni wọ́n fi ìwé lé wọn lọ́wọ́.

Ibi tó máa ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni ohun táwọn aládùúgbò ṣe. Nínú oṣù Kẹwàá yẹn gan-an, Pólàǹdì náà gé agbègbè Teschen lára Czechoslovakia, Húngárì sì gé tirẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Pólàǹdì o! Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pa òun náà pín. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Tí ẹlẹ́rù bá ti ṣubú, tí kò sí ọlọ́pàá, àwọn tó yẹ kí wọ́n pariwo olè ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 1939, Hitler wọ Prague, ó gba èyí tó kù. Àwọn tó ń gbébẹ̀ kì í ṣe ará Jámánì, torí náà kò sí àwáwí kankan mọ́. Ó rí iléeṣẹ́ Škoda tó ń rọ ìbọn ńláńlá, ó rí táńkì. Nígbà tí Rommel, ọ̀gágun Jámánì, ń sáré la ilẹ̀ Faransé kọjá ní oṣù Karùn-ún 1940, ọ̀pọ̀ nínú àwọn táńkì tó wà lábẹ́ rẹ̀, Czechoslovakia ni wọ́n ti rọ wọ́n. Faransé fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọwọ́ sí i ní Munich.

Ìgbà náà ni Gẹ̀ẹ́sì tó jí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1939, Chamberlain kéde pé bí ẹnikẹ́ni bá kọ lu Pólàǹdì, Gẹ̀ẹ́sì á jà. Òótọ́ ló ń sọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ta ló máa gbà á gbọ́? Ní oṣù Kẹjọ, nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé Hitler pẹ̀lú àwọn ọ̀gágun rẹ̀, ó sọ fún wọn pé ekòló lásán làwọn ọ̀tá òun, òun ti rí wọn ní Munich. Stalin ti Rọ́ṣíà náà ti ṣírò tirẹ̀. Wọn ò pè é sí Munich. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé wá fẹ́ bá a mulẹ̀ ní 1939, ọkọ̀ ojú omi tó ń rọra wọ́ ni wọ́n fi rán àwọn aṣojú wọn lọ, bí ẹni ń lọ gbafẹ́. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ, Stalin bá Hitler ṣe àdéhùn, wọ́n sì fi ìkọ̀kọ̀ pín Pólàǹdì láàárín ara wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìbọn dún. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kéde ogun. Ọjọ́ kan náà ni Nàìjíríà wọ ogun, nítorí ọba Gẹ̀ẹ́sì ló sọ̀rọ̀. Wọn ò bi ọba wa kankan.

Títí dé ibi yìí, Yúróòpù ṣì ni, pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ tí Yúróòpù ń ṣàkóso. Báwo wá ni Bọ́mà ṣe wọ̀ ọ́? Rántí pé Jàpáànì ò kúrò ní Ṣáínà. Láti oṣù Keje 1937 ló ti bẹ̀rẹ̀ ogun gidi níbẹ̀, kò sì borí. Ṣáínà kò ní yẹ̀ fún un. Ní oṣù Karùn-ún àti Kẹfà 1940, Hitler ṣẹ́gun Họ́láńdì àti Faransé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lójijì, àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Éṣíà di ọmọ òrukàn: Indochina ti Faransé, àti Indonesia ti Họ́láńdì tí epo rọ̀bì kún inú rẹ̀. Ìṣẹ́gun Hitler ló ṣílẹ̀kùn fún Jàpáànì. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, Jàpáànì kó ṣọ́jà wọ àríwá Indochina, òun, Jámánì àti Ítálì sì jọ fọwọ́ sí àdéhùn ní Berlin. Ní oṣù Keje 1941 ó gba gúúsù rẹ̀. Amẹ́ríkà wá ṣe ohun tí Geneva kọ̀ láti ṣe fún Etiópíà: ó gbẹ́sẹ̀ lé owó Jàpáànì, ó dá epo dúró. Bíi mẹ́rin nínú márùn-ún epo tí Jàpáànì ń lò, Amẹ́ríkà ló ń tà á fún un.

Ọ̀nà méjì ló kù: kí wọ́n jáde ní Ṣáínà, tàbí kí wọ́n lọ fipá gba epo Indonesia. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń sọ fún àwọn ará ilé pé ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín rà ni èyí, ọ̀gágun wo ló máa jáde? Wọ́n kọ lu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 7 oṣù Kejìlá 1941. Hitler náà kéde ogun sí Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 11, bẹ́ẹ̀ ló ṣe so ogun méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Bọ́mà ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó ìbọn àti oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ Ṣáínà. Jàpáànì gbọ́dọ̀ dí i. Oṣù Kẹta 1942, Rangoon, olú ìlú Bọ́mà, ṣubú, ọmọ ogun Jàpáànì sì dé ẹnu ibodè India.

Málàyá tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń rí tánganran àti rọ́bà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà. Ọwọ́ wa ló wá yí sí. Wọ́n ní ká kọ rọ́bà, ká pa èkùrọ́, wọ́n sì fi tipá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ wa tánganran ní Jos láàárín 1942 sí 1944. Ọ̀pọ̀ ò padà sílé. Wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin wa sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà méjì tí wọ́n ń pè ní 81st Division àti 82nd Division, wọ́n di wọ́n sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí India, láti ibẹ̀ wọ́n wọ igbó Bọ́mà.

O bi mí pé kí ló dé tí wọn ò tètè dá a lẹ́kun. Àwọn kan máa ń fi Chamberlain ṣe òmùgọ̀, èmi ò bá wọn ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì ti sin ṣọ́jà tó lé ní 700,000 nínú ogun kìíní, Faransé ti sin ju mílíọ̀nù kan lọ, kò sì sí ìyá kan ní London tàbí Paris tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ogun nítorí òkè kan ní Czechoslovakia. Ohun tí mo gbà ni pé iye tí wọ́n máa san ń pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún un síwájú. Títi ọ̀nà Suez ní 1935 ì bá ná wọn ní ìbínú Mussolini. Ní 1936, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ogun Faransé díẹ̀ lé Hitler padà. Ní 1938, ogun ni ì bá jẹ́, àmọ́ odi Czechoslovakia àti táńkì rẹ̀ ì bá wà lẹ́yìn wọn. Nígbà tó fi di 1939, kò sí èyí tó rọrùn mọ́.

Ó ku ti ìràwọ̀ kejì. Wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní Africa Star torí ogun Bọ́mà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó gbà á, ogun Somalia àti Etiópíà ni wọ́n ti gbà á. Ní oṣù Kejì 1941, bírígéèdì Nàìjíríà ló wọ Mogadishu, láti ibẹ̀ wọ́n lé ọmọ ogun Ítálì lé ju 1,000 kìlómítà lọ, wọ́n gba Jijiga, wọ́n gba ọ̀nà òkè Marda, wọ́n sì wọ Harar lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹta. Addis Ababa bọ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Haile Selassie padà wọ ìlú rẹ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù Karùn-ún 1941, ọdún márùn-ún géérégé sí ọjọ́ tí Ítálì wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sílé, tí wọ́n sì tún kó wọn lọ sí Bọ́mà.

Wo inú àpótí náà dáadáa bóyá wà á rí ìwé pélébé tí wọ́n fi ń dá ṣọ́jà sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́; nọ́ńbà bàbá àti orúkọ bàtálíọ̀nù wọn máa wà níbẹ̀. Bó o bá rí i, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà dé Harar.